Ẹsẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì: bí Todd Reichert ṣe múra fún eré 144 kilomítà ní Battle Mountain

Ní ọjọ́ 17 oṣù September ọdún 2016, ọmọ ilẹ̀ Kánádà kan tó ń jẹ́ Todd Reichert gun kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Eta ní ojú títì kan lẹ́bàá Battle Mountain, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Nevada, ní Amẹ́ríkà. Eré tó sá jẹ́ 144.17 kilomítà ní wákàtí kan. Kẹ̀kẹ́ náà kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní bátìrì tó ń tì í, bẹ́ẹ̀ ni kò sí mọ́tò kankan níwájú tó ń bá a la afẹ́fẹ́. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ló ṣe gbogbo rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ làwọn ènìyàn sábà máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò yani lẹ́nu, nítorí ìrísí rẹ̀ ṣàjèjì: káàbọ̀n fáíbà ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, ó bo ẹni tó ń gùn ún látòkèdélẹ̀, ó sì rí bí ẹyin tí wọ́n fà gùn. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Láàárín ọdún mẹ́fà péré, Reichert fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ẹ́ńjìnnì fún ẹ̀rọ mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn kò jọra rárá, ó sì ní láti tún ara rẹ̀ kọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ oníkẹ̀kẹ́ sọ́nà fún irú eré yìí yóò rí i nínú ìtàn rẹ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn lágbára, ọ̀tọ̀ ni kí agbára náà bá iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ mu.

Ẹnjiníà ni Reichert. Yunifásítì Toronto ló ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọkọ̀ òfurufú títí tó fi gboyè ọ̀mọ̀wé, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Cameron Robertson ni wọ́n sì jọ dá AeroVelo, ẹgbẹ́ tó kọ́ Eta, sílẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà látàárọ̀ dalẹ́ ṣáá o. Ó ti máa ń sá eré orí yìnyín, ó sì ń gun kẹ̀kẹ́ ìdíje. Èyí ṣe pàtàkì, torí pé ẹsẹ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí kì í ṣe ẹsẹ̀ òpè.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ni Snowbird, ọkọ̀ òfurufú tó ń fi apá rẹ̀ lu afẹ́fẹ́. Ní ọjọ́ kejì oṣù August ọdún 2010, ní Tottenham ní ìpínlẹ̀ Ontario, wọ́n fi mọ́tò fà á gbéra, Reichert sì fi agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dúró lófurufú fún ìṣẹ́jú àáyá 19.3, ó fò tó mítà 145. Apá ọkọ̀ náà gùn tó mítà 32 láti ṣónṣó kan sí èkejì, síbẹ̀ ìwúwo rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlógíráàmù 43 lọ. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó wà nínú rẹ̀ wúwo ju ọkọ̀ náà lọ. Ìdí nìyẹn tí Reichert fi bọ́ nǹkan bí kìlógíráàmù 8 kúrò lára ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn. Lójú òfurufú, gbogbo kìlógíráàmù ló ń gba agbára kí ó tó dúró. Ẹni tó ń tọ́ni sọ́nà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń rìn lójú okùn tín-ín-rín ni, torí bí ọ̀rá bá ń lọ, tí kò bá ṣọ́ra, ẹran itan á tẹ̀lé e lọ.

Èkejì ni Atlas, hẹlikópítà tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Láti ọdún 1980 ni ẹ̀bùn Sikorsky, owó tí wọ́n fẹ́ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ fi irú hẹlikópítà bẹ́ẹ̀ mú òfin wọn ṣẹ, ti wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí gbà. Òfin rẹ̀ dùn-ún sọ: kí ẹ̀rọ náà wà lókè fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ó ga tó mítà mẹ́ta nígbà kan nínú ìṣẹ́jú náà, kí ó má sì jáde kúrò nínú àyè mítà mẹ́wàá ní ìbú àti òòró. Ní ọjọ́ 13 oṣù June ọdún 2013, nínú gbọ̀ngàn bọ́ọ̀lù kan ní Vaughan lẹ́bàá Toronto, Reichert wà lókè fún ìṣẹ́jú àáyá 64, ó sì ga dé mítà 3.3. Ẹ̀bùn náà jẹ́ 250,000 dọ́là.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí níbẹ̀ ni bí agbára náà ṣe jáde. Ní àwọn ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, ohun tó ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde lé ní 1,000 wáàtì (wáàtì ni wọ́n fi ń wọn agbára), torí gígùn òkè ló ń jẹ agbára jù. Lẹ́yìn náà ó ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, agbára tí ẹ̀rọ ń béèrè sì ń dín kù bó ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀. Àmọ́ kò gbọdọ̀ yára wálẹ̀, kí ó má baà rì sínú afẹ́fẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti dà rú. Ẹ̀rọ náà ti wó rí nígbà ìdánwò. Nítorí náà, inú oró ló ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣẹ́jú yẹn: ó ti ná owó tó wà lápò tán nígbà tí eré ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ ń jó, ó sì gbọ́dọ̀ máa tẹ pẹ́dà láìmì, láìṣe wàràwàrà. Iṣẹ́ ni kí ara mọ èyí.

Eta yí gbogbo rẹ̀ dorí kodò.

Battle Mountain wà ní nǹkan bí 1,400 mítà sókè ojú òkun. Títì 305 tó gba ibẹ̀ kọjá tẹ́jú, ó gùn, ó sì tọ́. Oṣù September lọ́dọọdún làwọn tó ń fi agbára ara wọn wa ọkọ̀ máa ń kóra jọ síbẹ̀ láti inú oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Oníkẹ̀kẹ́ ní ààyè nǹkan bí kilomítà mẹ́jọ láti kó eré jọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n ó wọn eré rẹ̀ nínú 200 mítà péré. Afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ ju mítà 1.67 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òwúrọ̀ kùtù àti ọjọ́rọ̀ ni wọ́n ń sá a. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títì náà kò gbọdọ̀ ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ojú lásán kò lè rí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: bí kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó gùn ún bá jọ wọn kìlógíráàmù 110, tí eré sì ti dé 144, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí òfin gbà yẹn á máa fún wọn ní nǹkan bí 290 wáàtì lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ìwúwo tó jẹ́ ọ̀tá lára Snowbird ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀rẹ́ níbí. Ẹni tó bá gbé oúnjẹ Snowbird wá fún oníkẹ̀kẹ́ Battle Mountain, ìyà ló fi ń jẹ ẹ́ lásán.

Ọ̀tá tó kù ni afẹ́fẹ́, ìṣirò rẹ̀ sì le. Bí eré bá lọ sókè, agbára tí afẹ́fẹ́ ń béèrè a máa fò sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì: bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára náà á di ìlọ́po mẹ́jọ. Sebastiaan Bowier, ọmọ Nẹ́dálándì, ti sá 133.78 lójú títì yìí kan náà ní September 2013. Láti ibẹ̀ dé 144.17, bí kẹ̀kẹ́ náà kò bá yí padà rárá, oníkẹ̀kẹ́ ní láti fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin kún agbára tó ń fi la afẹ́fẹ́. Kò sí kóòṣì kan láyé yìí tó lè fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún ẹsẹ̀ ẹni tó ti gbó nínú eré. Mo sọ èyí kí n má baà dà bí ẹni tó ń ṣe àbùkù àwọn tó ya ara kẹ̀kẹ́ náà. Ibi tí èrè ti pọ̀ jù ni ara kẹ̀kẹ́. Iṣẹ́ ẹni tó ń tọ́ ẹsẹ̀ sọ́nà ni kí èrè yẹn má ṣe ṣòfò.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣòfò pọ̀, èyí tó wọ́pọ̀ jù sì ni ìwàǹwára.

Ara ènìyàn ní ìkòkò agbára méjì. Ọ̀kan ń fi ọ́síjìn ṣiṣẹ́. Kò yára, ṣùgbọ́n kì í tètè tán. Èkejì kò dúró de ọ́síjìn, ó ń bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ ìṣẹ́jú kan sí méjì ló máa ń gbà kí ó gbẹ, bó bá sì ti gbẹ, kì í kún padà lójú ọ̀nà. Lórí Atlas, ìkòkò kejì yìí ni wọ́n kọ́kọ́ dà nù. Lórí Eta, ó gbọ́dọ̀ wà ní kíkún títí di kilomítà tó kẹ́yìn. Oníkẹ̀kẹ́ yóò wà lójú ọ̀nà fún ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò máa fi ìkòkò àkọ́kọ́ kó eré jọ, eré náà á máa gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìgbà tí ó bá sún mọ́ 200 mítà ni yóò tó tú gbogbo èyí tó kù.

Kí ló dé tí kò fi ní tètè sáré, kí ó sì di eré náà mú? Torí bó bá tètè dé 120, gbogbo kilomítà tó kù ni yóò fi bá afẹ́fẹ́ 120 jà. Owó orí ni yóò máa san lórí ohun tí kò tíì rà. Bó bá pẹ́ kí ó tó débẹ̀, ìwọ̀nba àkókò ni yóò fi san án. Ó rọrùn láti ṣírò lórí ìwé, kò rọrùn nínú kẹ̀kẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ yá gágá, tó ti sinmi fún ọjọ́ mélòó kan, tó mọ̀ pé gbogbo àwọn tó kọ́ ọ ń dúró níwájú, ẹ ní kí ó máa fi agbára tí kò tó ìdajì ohun tó ní tẹ pẹ́dà fún odidi ìṣẹ́jú mẹ́ta. Sùúrù yìí ni ohun tí mo rò pé ó ṣòro jù láti kọ́ ènìyàn nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè kọ́ ọ láìsí mítà tó ń ka wáàtì níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, títí tí ẹsẹ̀ á fi mọ 300 yàtọ̀ sí 350 láìwo mítà.

Láti inú èyí ni ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti ń jáde. Gígùn kẹ̀kẹ́ pípẹ́ wà fún ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún tó le, pẹ̀lú ìsinmi láàárín, wà láti gbé òkè ìkòkò àkọ́kọ́ ga sí i. Ti eré àsápajúdé ló yàtọ̀ sí ti àwọn oníkẹ̀kẹ́ mìíràn. Ẹni tó ń sá eré kúkúrú nínú pápá sábà máa ń ṣe é nígbà tí ara ṣì tutù, kí ó lè rí bí agbára rẹ̀ ṣe ga tó. Ti Battle Mountain kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo tó wúlò ni èyí tó tẹ̀lé ìṣẹ́jú márùn-ún iṣẹ́. Mo ti rí i tí àwọn ènìyàn ń fi wáàtì tí wọ́n ta lẹ́sẹ̀ tútù yangàn. Ìyẹn kò já mọ́ nǹkan kan níbi yìí.

Ọ̀rọ̀ ìdùbúlẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni oníkẹ̀kẹ́ Eta fi lélẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú. Kò lè dìde lórí pẹ́dà, kò lè fi ìwúwo ara tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn ìjókòó nìkan ló lè fi ìdí tì. Orúnkún àti ìbàdí ń ká lọ́nà mìíràn, ẹsẹ̀ sì ga débi pé ẹ̀jẹ̀ kò ṣàn sí i bó ti ń ṣàn sí ti ẹni tó jókòó gangan. Ìka ẹsẹ̀ mìíràn a tiẹ̀ kú. Ẹni tó lágbára gan-an lórí kẹ̀kẹ́ lásán lè dùbúlẹ̀ kí ó sì rí i pé agbára òun ti dín, ó sì lè gba oṣù mélòó kan kí ó tó padà. Nítorí náà wákàtí tí wọ́n bá lò lórí kẹ̀kẹ́ lásán dára fún ọkàn, ṣùgbọ́n ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi kọ́ ẹsẹ̀, nínú férémù tó bá ti Eta mu.

Bó bá ti wọ inú rẹ̀ tán, ìta kì í hàn sí i mọ́. Eta kò ní fèrèsé. Kámẹ́rà ló wà lókè rẹ̀, ojú tẹlifíṣọ̀n kékeré sì wà níwájú oníkẹ̀kẹ́; wọ́n fi kámẹ́rà kejì sí i kí ojú má baà fọ́ lójijì bí ọ̀kan bá kú. Ẹ rò ó wò: 40 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán kékeré lójú, igun tí táyà iwájú lè yí kò tó nǹkan, ẹsẹ̀ kò sì lè kanlẹ̀. Wọ́n á ti lẹ̀kùn pa mọ́ ọn, wọ́n á fi téèpù lẹ ojú rẹ̀, wọ́n á dì í mú, wọ́n á sì tì í kí ó tó lè gbéra. Àwọn mítà àkọ́kọ́ yẹn, nígbà tí kẹ̀kẹ́ ń mì, ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rù ju eré tòótọ́ lọ. Ìdí ọ̀rọ̀ náà ni pé ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà máa ń di héńdù mú pinpin, ẹni tó bá di í pinpin ń mí kíákíá, ẹni tó sì ń mí kíákíá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná ohun tó yẹ kí ó fi pamọ́. Gígun kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà gbogbo, láìsí pé wọ́n ń wá eré kankan, wà lára ìdánilẹ́kọ̀ọ́ agbára. Àwọn tó ń kọ ètò sábà máa ń gbàgbé rẹ̀.

Ooru sì ń bẹ. Nínú gbogbo agbára tí ara ń jó, ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń dé pẹ́dà. Ìyókù di ooru. Ẹni tó ń ta 300 wáàtì ń tú nǹkan bí 900 wáàtì ooru sínú àpótí tí wọn kò lè dá ihò púpọ̀ sí lára, torí gbogbo ihò ló ń dá afẹ́fẹ́ dúró. Fún ìṣẹ́jú márùn-ún ara lè fara dà á, bí kò bá jẹ́ pé ó ti gbóná kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.

Ibì kan wà tí mi ò ti mọ èwo ni kí n yàn. Àwọn ọmọ Nẹ́dálándì tó kọ́ kẹ̀kẹ́ Bowier pín iṣẹ́ náà: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Delft ń ṣe ẹ̀rọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ VU Amsterdam tó ń kọ́ nípa ìgbòkègbodò ara ń bójú tó oníkẹ̀kẹ́. Mo fẹ́ràn èyí. Oníkẹ̀kẹ́ sùn, ẹlòmíràn ń tún ṣéènì ṣe. Ti Reichert kò rí bẹ́ẹ̀: òun wà lára àwọn tó ya kẹ̀kẹ́, òun náà ló tún gùn ún. Lójú kóòṣì, ìjàǹbá ni, torí òru tó yẹ kí ẹsẹ̀ fi sinmi ni ẹnjiníà fi ń ronú. Àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wáàtì kọ̀ọ̀kan yóò ra fún un bíi tirẹ̀, àbájáde sì ti gbè é. Bowier fi ìdajì kilomítà péré ju 133.28 tí Sam Whittingham sá ní 2009 lọ. Reichert fi kilomítà márùn-ún àti díẹ̀ ju Bowier lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo.

Ní ọdún 2015 ni ìyẹn. Ní ọjọ́ 17 oṣù September ó sá 137.93, rẹ́kọ́ọ̀dù Bowier ti wó. Kò dúró síbẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 19, ó ti dé 139.45. Ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ ló sá èyí tó dára jù, èyí sì sọ nǹkan fún ẹni tó ń tọ́ni sọ́nà. Ọ̀sẹ̀ Battle Mountain ń fún oníkẹ̀kẹ́ láǹfààní púpọ̀, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, bí afẹ́fẹ́ bá gbà. Bó bá sì ti ná ìkòkò kejì yẹn tán nídàájí, kí ara tó bọ̀ sípò dáadáa ń gba oúnjẹ àti oorun. Nítorí náà wọn gbọ́dọ̀ ti kọ́ ara láti ṣe iṣẹ́ yìí lónìí kí ó sì tún un ṣe lọ́la. Ẹni tó lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré, tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ lọ́jọ́ náà, ó di ọdún mìíràn.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, 144.17 yẹn jẹ́ 89.59 ní máìlì. Kò tíì pé ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tó fi gba 200 mítà náà kọjá. Kí ó tó pé 90 máìlì, agbára tó ń la afẹ́fẹ́ ní láti fi nǹkan bí ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Lára ẹni tó ń ta 500 wáàtì, wáàtì méje nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní kí ó tún lọ gbé irin fún ìgbà òtútù kan sí i. Èmi á kọ́kọ́ wo àkókò tó wà láàárín ìgbà tó mú ara gbóná tán àti ìgbà tí wọ́n tì í gbéra, torí níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń tutù lórí ìdùbúlẹ̀ nígbà tí gbogbo ènìyàn ń wá téèpù.